Ìyá, Nne, Uwa, Mama: Ibi Tí Orúkọ Abiyamọ Ti Wá

Ìbéèrè kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa a máa bi wá nígbà tí wọ́n bá ti mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà díẹ̀, tí ojú wọn sì ń là sí ọ̀rọ̀. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá, kí ló dé tí ọmọ Òyìnbó ń pe ìyá rẹ̀ ní mama, tí àwa náà sì ń pe tiwa ní màmá? Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Ta ló kọ́ ta?"

Kí a tó yanu, ẹnì kan á ti dáhùn pé Òyìnbó ló kó o wá. Ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, pé Ifẹ̀ ni orísun ayé, nítorí náà èdè wa ló bí gbogbo èdè yòókù. Bí a kò bá tètè là wọ́n, àríyànjiyàn yìí nìkan á gba gbogbo àsìkò ìwé kíkà.

A rò ó pé ó dára kí a kọ èsì ìbéèrè náà sílẹ̀, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń mú ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí ó jọra, tí wọ́n á sì fi sọ pé ìran báyìí ló bí ìran báyìí, pé lágbájá ni onílẹ̀, tàmẹ̀dò ni àlejò. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín aládùúgbò. Ẹni tí ó bá mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ fi ń jọra, kò ní tètè gbé e mì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí wọ́n ti ń pe ìyá káàkiri. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, Hausa ń pè é ní uwa, Igbo ń pè é ní nne, àwọn Ẹdó ń pè é ní iye. Bí a bá kọjá sí ilẹ̀ Benin, àwọn Fọ̀n ń pè é ní nọ. Lápá ìlà-oòrùn Áfíríkà, àwọn tó ń sọ Swahili ń pè é ní mama. Mama náà ló wà lẹ́nu àwọn ọmọ Ṣáínà. Lórí àwọn òkè gíga ilẹ̀ Peru, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, mama ni àwọn tó ń sọ Quechua ń pe ìyá wọn, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ kí àwọn ará Sípéènì tó fi ọkọ̀ ojú omi dé ibẹ̀. Àwọn Welsh, tí wọ́n múlé gbe àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ń pè é ní mam. Àwọn Basque, tí wọ́n wà láàárín Sípéènì àti Faransé, ń pè é ní ama. Lárúbáwá ń pè é ní umm. Ní ilẹ̀ Turkey, anne ni.

Ẹ tún àwọn ọ̀rọ̀ náà kà jẹ́jẹ́. Ṣé ẹ rí i bí m ti ń lọ tó ń bọ̀ nínú wọn? Níbi tí m kò bá sì sí, n ni a sábà máa ń bá níbẹ̀.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan wà, George Peter Murdock ni orúkọ rẹ̀. Ó kó orúkọ tí àwọn ènìyàn ń pe ìyá àti bàbá jọ láti inú èdè gbogbo ayé. Orúkọ tí ó kó jọ lé ní 1,000. Ní 1959 ni ó gbé àbájáde iṣẹ́ náà síta. Ó rí i pé m àti n pọ̀ nínú orúkọ ìyá ju inú orúkọ bàbá lọ. Ti bàbá, p àti b, t àti d ló pọ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn èdè wọ̀nyí kò bá ara wọn tan, àwọn tó ń sọ wọ́n kò sì rí ara wọn rí. Ọ̀mọ̀wé mìíràn, Roman Jakobson, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí ó lọ ń gbé Amẹ́ríkà, wá wádìí ohun tó fà á, ìwé tí ó kọ lé e lórí sì jáde ní 1960. Ohun tí ó sọ kò le rárá. Ó ní kí á lọ wo ẹnu ọmọ ọwọ́.

Ẹ̀yin náà, ẹ mú dígí, kí ẹ wo ẹnu yín, kí ẹ sì sọ "ma". Ẹ ó rí i pé ètè yín méjèèjì padé, lẹ́yìn náà ẹnu là. Ó parí. Ahọ́n kò ṣe iṣẹ́ kankan, ńṣe ni ó sùn sílẹ̀. Ẹ wá sọ "ra", kí ẹ sì sọ "ṣe". Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára pé ahọ́n gbéra, ó sì wá ibi kan pàtó lọ nínú ẹnu. Ọmọ ọwọ́ kò tíì lè rán ahọ́n rẹ̀ ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ti ń sáré kiri inú ilé kí wọ́n tó lè pe "ra" kó dá ṣáká. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́wàá, ọmọ ti lè pa ètè pọ̀ kí ó sì là á: ma-ma-ma, ba-ba-ba, pa-pa-pa. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìbáà jẹ́ ní Ṣáínà, ìbáà jẹ́ ní Ṣàgámù.

Èwo wá ni ti m tí ó jẹ́ ti ìyá? Ẹ fi ọwọ́ di imú yín, kí ẹ gbìyànjú láti sọ "mmm". Ohùn náà kò ní jáde. Imú ni m àti n ń gbà, bí imú bá dí, wọ́n há. Ẹ wá ro ọmọ tó ń mu ọmú lọ́wọ́. Ọmú ti dí ẹnu rẹ̀, imú nìkan ló ṣí sílẹ̀. Bí ó bá fẹ́ dún, kí ni yóò dún? "Mm, mm" ni. Gbogbo ẹ̀yin abiyamọ ló mọ ohùn yìí. Nígbà tí ó bá ṣe, tí ebi bá tún dé, ọmọ á tún dún bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmú kò sí lẹ́nu rẹ̀. Ẹnu là, "mm" di "ma". Ta ló máa ń dá a lóhùn? Ẹni tó ní wàrà láyà ni.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọmọ náà kò tíì pe ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ ló ń béèrè. Ìyá ló gbọ́, tí ó ní, "Ẹ wá gbọ́ o, ó ti ń pè mí!" Gbogbo ilé yọ̀. Wọ́n ń tún un sọ fún ọmọ, ọmọ náà ń tún un sọ, títí ó fi gbà pé ẹni tó ń gbé òun mọ́ra yìí ni ohùn náà ń bá wí. Ọmọ ló mú ohùn wá, àgbà ló fún un ní ìtumọ̀. Bàbá ọmọ náà lè ní "ba-ba" ni òun ṣáájú gbọ́. Àwa kò dá sí ẹjọ́ yẹn.

Àpẹẹrẹ pọ̀ tí ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ ìyá súnmọ́ ara wọn. Ní èdè Látìnì, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, mamma ni ọmú, mamma náà sì ni ọmọdé ń pe ìyá rẹ̀. Láti inú ọ̀rọ̀ ọmú yìí ni Carl Linnaeus, ọ̀mọ̀wé ará Sweden, ti fa orúkọ kan yọ ní 1758 fún gbogbo ẹ̀dá tí ń fún ọmọ wọn lọ́mú: Mammalia. Ewúrẹ́ wà níbẹ̀, erin wà níbẹ̀, àdán wà níbẹ̀, àwa náà sì wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Japan, bí ọmọ kékeré bá ní "manma", oúnjẹ ló ń bèèrè. Haha ni àwọn ará Japan ń pe ìyá nínú ọ̀rọ̀ àgbà. Àwọn tó mọ ìtàn èdè wọn sì sọ pé ní àtijọ́, kí p ibẹ̀ tó rọ̀ di h, papa ni ọ̀rọ̀ náà. Papa, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pe bàbá! Ìyá ni wọ́n ń fi pè ní tiwọn.

Ti Georgia ló tún yà wá lẹ́nu jù. Orílẹ̀-èdè kékeré kan ni, láàárín Rọ́ṣíà àti Turkey. Níbẹ̀, deda ni ìyá, mama sì ni bàbá. Bí ọmọ Georgia bá sunkún lóru pé "mama", bàbá ni wọ́n á jí dìde. Èyí fi hàn pé ohùn lásán kò ní ìtumọ̀ nínú ara rẹ̀. Ibi tí àwọn àgbà bá so ó mọ́ ni ó ń wà.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí m kò sí nínú èdè wọn rárá. Àwọn Mohawk ni, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gbé ní Kánádà àti ní ìpínlẹ̀ New York. Nínú èdè tí wọ́n jogún, kò sí m, kò sí b, kò sí p. Ènìyàn lè sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kí ètè rẹ̀ méjèèjì má padé. Ista ni wọ́n ń pe ìyá. Ẹ sọ ọ́ níwájú dígí, ẹ ó rí i pé ètè yín kò kan ara wọn.

Àwa Yorùbá ńkọ́? Ìyá kò ní m nínú, kò sì ní n. Kì í sì í ṣe ìyá nìkan la ní. Ní Èkìtì, ní Ìjẹ̀ṣà àti ní Oǹdó, ẹ ó gbọ́ yèyé, ẹ ó sì gbọ́ iye. Iye yìí kò jìnnà sí ti àwọn Ẹdó tí a kọ lókè, kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu, nítorí èdè Ẹdó àti èdè wa bá ara wọn tan. Yèyé fi ara jọ ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ nítorí pé àtúnpè ni: yè-yé, bà-bá, mà-má. Ọmọ kì í fẹ́ dún lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́. Y náà kò sì le fún un láti pè.

Ní ti mọ́mì, kò sí àríyànjiyàn, Gẹ̀ẹ́sì ni, ilé ìwé àti ìgboro ló mú un wọlé. Màmá nìyẹn kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́ di àṣà, ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ Yorùbá kò nílò Òyìnbó kó tó lè sọ ma-ma. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má sọ mọ́mì nínú ilé rẹ̀. Èyí tó ń dùn wá ni ti ọmọ tó ń tijú láti pe "ìyá mi" lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé ìyá ni orúkọ aláìmọ̀wé, mọ́mì ni orúkọ ọ̀mọ̀wé. Ẹnì kan nínú kíláàsì wa sọ fún wa pé ọmọ òun ní kí òun má pe ara òun ní "ìyá" nígbà tí òun bá wá sí ilé ìwé òun. A bi í pé kí ló dá a lóhùn. Ó ní òun bi í pé, ta ló bí i, ìyá ni tàbí mọ́mì?

Níwọ̀n ìgbà tí a ti kan ọ̀rọ̀ ìyá kíkọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àmì orí rẹ̀ ṣeré. Ìyá ni ó bí wa. Ìyà ni ohun tó ń jẹni. Ibi àmì ìkẹyìn nìkan ni wọ́n ti yàtọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n yín ní Ìbàdàn pé iṣẹ́ ti dé, wàhálà ti tán, tí ẹ sì kọ ọ́ pé "Ìyà mi ti lọ", inú rẹ̀ á dùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí àmì ìkẹyìn náà sókè, ẹ ti kọ "Ìyá mi ti lọ" nìyẹn, ẹkún ni ẹ̀gbọ́n yín á bú sí kó tó ka ìlà kejì. Kí ẹ má sì rò pé inú ìyá ni ìyàwó ti wá. Ẹ wo àmì orí rẹ̀. Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ nípa ìyàwó ni ti ìyà tí ọkùnrin kan jẹ ní Ìwó nítorí obìnrin, ìtàn tó dùn-ún gbọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun la ń sọ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ ta ló bí ta. Ní 1786, adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Calcutta ní ilẹ̀ Íńdíà, Sir William Jones, sọ̀rọ̀ kan tí ó là àwọn ọ̀mọ̀wé lójú. Ó ń kọ́ Sanskrit, èdè àtijọ́ tí wọ́n fi kọ ìwé mímọ́ ilẹ̀ Íńdíà. Ó rí i pé Sanskrit, Gíríìkì àti Látìnì jọra ju kí ó jẹ́ èèṣì lọ, pé ó ní láti jẹ́ pé orísun kan náà ni wọ́n ti ṣàn wá. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìyá nínú wọn. Sanskrit ní matar, Gíríìkì ní meter, Látìnì ní mater. Ẹ fi ti Gẹ̀ẹ́sì kún un, mother, ti Jámánì, Mutter, àti ti Persia, madar.

Ẹ ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé gbogbo ọmọ ọwọ́ ló ń sọ ma." Òótọ́ ni. Ma nìkan kò tó ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìrù ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ ọwọ́ kò lè sọ "ter", àgbà ló fi í kún un. Ẹ wá wo bàbá ní Látìnì, pater ni. Arákùnrin, frater ni. Ìrù kan náà ló wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí nínú Gẹ̀ẹ́sì: mother, father, brother. Nígbà tí gbogbo ilé bá fi àmì ilà kan náà hàn báyìí, a lè gbà pé ìdílé kan ni wọ́n.

Bí ọ̀rọ̀ bá sì pẹ́ láyé, ó máa ń yí. Mater ti Látìnì di madre lẹ́nu àwọn ará Sípéènì, ó di mère lẹ́nu Faransé, ó wá gé kúrú di mãe lẹ́nu àwọn Potogí. Ní Albania, tí èdè tiwọn náà wà nínú ìdílé yìí, motër kò túmọ̀ sí ìyá mọ́, arábìnrin ni wọ́n ń fi pè. Nënë ni wọ́n ń pe ìyá. Ó dà bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n obìnrin tó ń tọ́ àwọn àbúrò ló jogún orúkọ náà, ṣùgbọ́n àbá tiwa lèyí.

Nísinsìnyí, ẹ gbé ohun tí a ti kọ́ yìí wá sílé. Yorùbá ń pe bàbá ní bàbá. Hausa ń sọ baba. Swahili ń sọ baba. Turkey ń sọ baba. Ṣáínà ń sọ baba. Ṣé a ó wá sọ pé ọmọ ìyá kan náà ni Yorùbá àti Ṣáínà? Rárá o. Ní ìdà kejì, Yorùbá ní ìyá, Igbo ní nne. Kò jọra rárá. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ ìyá nìkan ṣe ìdájọ́ á ní kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ mìíràn tí kì í ti ẹnu ọmọ ọwọ́ wá. Yorùbá ní etí, Igbo ní ntị. Yorùbá ní ẹnu, Igbo ní ọnụ, Ẹdó ní unu. Yorùbá ní ẹ̀ta, Igbo ní atọ, Ẹdó ní eha. Irú ọ̀rọ̀ báyìí pọ̀ gan-an láàárín wọn. Mọ̀lẹ́bí ni Yorùbá, Ẹdó àti Igbo nínú èdè, bó ti wù kí wọ́n máa bá ara wọn jà sí. Fọ̀n wà nínú agbo ilé ńlá náà, Swahili pàápàá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọ̀nà jíjìn. Hausa tí a jọ ń gbé kò sí níbẹ̀, agbo ilé tí Lárúbáwá wà ni tirẹ̀ wà.

Ẹlẹ́rìí tí kò ṣeé gbójú lé ni ọ̀rọ̀ ìyá nínú ẹjọ́ ìran. Ó yẹ kí á rántí èyí nígbà tí ẹnikẹ́ni bá fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó jọra kọ́ ìtàn ńlá. Ní 1948, Àlùfáà J. Olumide Lucas tẹ ìwé kan ní Èkó nípa ẹ̀sìn àwọn Yorùbá, nínú èyí tí ó fi ìjọra ọ̀rọ̀ gbìyànjú láti fi hàn pé Íjíbítì àtijọ́ ni púpọ̀ nínú ohun ìní wa ti wá. Iṣẹ́ ńlá ni, a sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ èdè tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀ kò gbà á, nítorí ọ̀rọ̀ méjì lè jọra bí àlejò méjì tí wọ́n wọ irú aṣọ kan náà. Ìyá, ní èdè Íjíbítì àtijọ́, mut ni. M tún ni yìí, kò sì sọ ọ́ di ará ilé mater.

Àwọn ará ilẹ̀ wa ní ọwọ́ ńlá nínú bí ayé ti mọ èdè Áfíríkà. Ní Freetown, ní Sierra Leone, ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrú sí. Ibẹ̀ ni Sigismund Koelle, míṣọ́nnárì ará Jámánì, ti jókòó ti àwọn ènìyàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n pé, báwo lẹ ṣe ń pe oókan, báwo lẹ ṣe ń pe orí, báwo lẹ ṣe ń pe bàbá, báwo lẹ ṣe ń pe ìyá? Ó kọ èsì èdè tó lé ní 100 sílẹ̀, ìwé náà sì jáde ní 1854. Akú ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá ní Freetown nígbà náà, nítorí ìkíni wa. Ẹ wo àwọn ènìyàn tó ń dáhùn náà o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tún fojú kan ìyá tí wọ́n ń sọ orúkọ rẹ̀ yìí mọ́ láyé.

Ẹnì kan rí i. Wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, nígbà tí kò tíì ju ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá lọ, wọ́n sì yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọkọ̀ ogun gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, ó sì di Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1843, ìwé tí ó kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sí pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti ìgbà tí wọ́n ti yà wọ́n, kò tíì fojú kan ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó dé Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, ìyá náà gbúròó rẹ̀, ó sì wá a wá ní oṣù August 1846. Ọdún 25 ti kọjá. Àfàlá ni orúkọ rẹ̀. Ní 1848 ó ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah.

Ohun kan tún wà tí a kò fẹ́ fi sílẹ̀. Báwo ni Yorùbá ṣe ń pe ẹni tó súnmọ́ni jù? Ọmọ ìyá ni. "Ọmọ ìyá mi ni" ju "ọmọ bàbá mi ni" lọ lẹ́nu wa. Ẹ wá gbọ́ ti Igbo: nwanne. Nwa ni ọmọ, nne ni ìyá. Ẹ gbọ́ ti Hausa: ɗan uwa. Ɗan ni ọmọ, uwa ni ìyá. Ẹ gbọ́ ti Fọ̀n: nọví. Nọ ni ìyá, ví ni ọmọ. Èdè mẹ́rin, orúkọ ìyá mẹ́rin tí kò jọra, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà kọ́ ilé ọ̀rọ̀ yìí. Kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni tí a bí sí agbo ilé olórogún. Bàbá lè jẹ́ ti ogún ọmọ, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jọ jẹun nínú ìkòkò kan náà ni ọmọ ìyá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ogún bá dé, ìdí ìyá ni wọ́n ń ka, wọ́n á pe ìdí-igi. Àwọn àgbà wa tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ méjì fún un: iyèkan fún ẹbí ìyá, ọbàkan fún ẹbí bàbá. Ẹ ṣí etí sí iyèkan dáadáa, ẹ ó gbọ́ iye nínú rẹ̀. Àwọn Gíríìkì náà ro irú rẹ̀. Adelphos ni wọ́n ń pe arákùnrin, ohun tó sì túmọ̀ sí ni ẹni tí ó ti inú ilé ọmọ kan náà wá.

A ti sọ̀rọ̀ ohùn ọmọ ọwọ́, a ti sọ̀rọ̀ ìdílé èdè. Ọ̀nà mìíràn tí ọ̀rọ̀ fi ń jọra ni pé kí ènìyàn gbé e rìn. Ìyá ti rìn jìnnà. Nílé níhìn-ín, ó ti di oyè: Ìyálóde, Ìyálọ́jà. Ó di ipò nínú ilé: ìyálé. Ìyáàfin tí a ń kọ sórí lẹ́tà lónìí, ìyá inú ààfin ni tẹ́lẹ̀. Láàárín àwọn ìlù, èyí tó tóbi jù, tó ń sọ̀rọ̀, tó ń darí àwọn yòókù, ìyá ìlù ni a ń pè é.

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil gbé ọ̀rọ̀ náà dání. Ní Bahia, ialorixá ni wọ́n ń pe obìnrin tó jẹ́ olórí ilé òrìṣà, ìyálórìṣà wa gan-an ni. Igbákejì rẹ̀ ni iyá kekerê. Àwọn tó ń sọ Potogí níbẹ̀ tún máa ń pè é ní mãe pequena, tí ó túmọ̀ sí ìyá kékeré, tó fi jẹ́ pé mãe tó ti Róòmù wá àti ìyá tó ti Ọ̀yọ́ wá jọ ń jẹ́ orúkọ oyè kan náà nínú ilé kan. Ní 2 February lọ́dọọdún, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn a máa kó òdòdó lọ sí etí òkun ní ìlú Salvador fún Iemanjá, Yemọja wa, yèyé ọmọ ẹja.

Ní Cuba, mẹ́ta ni ìlù bàtá tí wọ́n ń lù fún òrìṣà, orí ẹsẹ̀ ni onílù ń gbé wọn lé. Kékeré ni okónkolo, àárín ni itótele. Èyí tó tóbi jù, tó ń pe ìlù, tí àwọn méjì yòókù ń dá lóhùn, Iyá ni orúkọ rẹ̀.